Bí A Ṣe Ń Lo Ayùn Oníbátìrì Láìfara Pa

Tí iná bá lọ lójijì, gbogbo irinṣẹ́ oníwáyà tó wà níbi iṣẹ́ á dákẹ́ rọ́rọ́, ayùn oníbátìrì kò ní bá wọn dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn káfíńtà, púlọ́ńbà àtàwọn tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe ní Ìbàdàn fi ń wá a rà. Kò sí wáyà tí à ń fà kiri inú ilé, kò sí jẹnẹrétọ̀ tí à ń gbé gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àmọ́ ohun tó mú un rọrùn náà ló mú un léwu. Irinṣẹ́ oníwáyà, tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti kú nìyẹn. Èyí kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ti wà nídìí rẹ̀, ó wà láàyè, ìbáà wà lórí tábìlì, ìbáà wà nínú búùtù mọ́tò, ìbáà wà níbi tí ọmọdé ti lè fọwọ́ kàn án.

Ayùn tí mo ń sọ ni èyí tí abẹ rẹ̀ yọ gbọọrọ síwájú, tó ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe èyí tó rí róbótó tó ń yí. Abẹ náà máa ń rìn tó bíi mìlímítà 28 sí 32 lẹ́ẹ̀kan, púpọ̀ nínú wọn sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ayùn róbótó ní ìbòrí tó ń padà bo eyín rẹ̀ nígbà tó bá jáde lára igi. Èyí kò ní. Ohun méjì péré ló dúró láàárín abẹ àti ara yín: bátìrì tí ẹ bọ́ lásìkò tó yẹ, àti irin pẹlẹbẹ tó wà nídìí abẹ, tí à ń pè ní bàtà ayùn. Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ rẹ́

Ẹ má tíì ki bátìrì bọ̀ ọ́. Ẹ rìn yí iṣẹ́ náà ká ná, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti inú rẹ̀. Abẹ ayùn yìí máa ń yọ sí òdìkejì ohun tó ń rẹ́, ohun tó wà lọ́hùn-ún kì í sì í hàn sí ẹni tó di ayùn mú.

Tó bá jẹ́ ògiri tàbí sílìǹ ni, ẹ pa iná ibẹ̀. Pípa ti NẸ́PÀ nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní jẹnẹrétọ̀, tó tún ní ínfátà tàbí sólà, èèyàn á sì pa ọ̀kan tán, á gbàgbé pé òmíràn ṣì ń gbé iná wọ wáyà kan náà. Ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dá yín lójú. Tó bá jẹ́ páìpù omi ni, ẹ ti ẹnu táǹkì pa, kí ẹ wá ṣí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù lọ kí omi tó kù nínú páìpù lè ṣàn jáde. Omi àti bátìrì kò gbọdọ̀ pàdé.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ayùn yìí lé. Dúrọ́ọ̀mù tàbí táǹkì tó ti gbé bẹntiróòlù rí wà lára wọn, sílíńdà gáàsì náà sì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé epo inú rẹ̀ ti gbẹ. Epo lè gbẹ lóòótọ́, atẹ́gùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù, ìdá iná kékeré kan sì ti tó.

Asbestos ńkọ́? Ilé àtijọ́ ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù fún un, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, irú èyí tó pọ̀ ní Bódìjà àtijọ́ àti ní kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tí ẹ kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe sílìǹ tàbí òrùlé rẹ̀, ẹ kà á sí asbestos. Ayùn á lọ̀ ọ́ di eruku tí ojú kò lè rí, eruku náà á wọ ẹ̀dọ̀fóró, yóò sì jókòó síbẹ̀. Àìsàn tó ń fà, jẹjẹrẹ sì wà nínú wọn, lè má fara hàn títí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odidi ni wọ́n ń yọ irú sílìǹ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi omi rin ín, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló sì yẹ kó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí àtiyára fi èyí ṣeré.

Igi tó bá fara kan wáyà orí òpó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pe IBEDC kí wọ́n wá pa iná ọ̀nà yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún.

Páànù kò léwu tó ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò yẹ ayùn yìí. Ó fẹ́lẹ́ jù, gbígbọ̀n ló kàn máa gbọ̀n, etí rẹ̀ á sì ya yín lára. Sísọ́ọ̀sì páànù ni kí ẹ fi gé e.

Ohun tí ẹ ó wọ̀

Gọ́gù tó bo ojú látẹ̀gbẹ́ ni mo ń sọ o, kì í ṣe awò òòrùn. Ayùn yìí máa ń ju hóró irin àti ẹ̀rún igi sókè, iṣẹ́ orí òrùlé sì tún ń da eruku àti ìpẹtà sí èèyàn lójú láti òkè wá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó mọ ọwọ́ dáadáa, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìbomú, kí ẹ sì fi nǹkan dí etí tí iṣẹ́ náà bá máa pẹ́. Sílípáàsì kò sí níbẹ̀. Aṣọ ọlọ́wọ́ gbàgẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn tó ń fì kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ lọ́mọ iṣẹ́, ẹ ra gọ́gù tiwọn fún wọn. Ọmọ iṣẹ́ tó di pákó mú fún yín sún mọ́ abẹ jù yín lọ, òun gan-an ni eruku yẹn ń fẹ́ sí.

Abẹ tó yẹ iṣẹ́

Ibí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ayùn tí kò dára, abẹ ni kò yẹ iṣẹ́ tí wọ́n gbé e fún.

Ẹ wo ara abẹ. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ TPI sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iye eyín tó wà nínú ínṣì kan nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni eyín á ṣe tóbi tó, tí á sì ṣe yára jẹ igi tó. Ẹ̀ka igi tútù fẹ́ eyín ńláńlá, bíi 3 sí 6. Pákó gbígbẹ tí kò ní ìṣó, 6 dára fún un. Pákó tí ìṣó wà nínú rẹ̀, ẹ wá abẹ tó ní eyín 8 sí 10, tí wọ́n sì kọ bi-metal sí lára: irin méjì ni wọ́n pa pọ̀ ṣe é, ara rẹ̀ ń tẹ̀ láìkán, eyín rẹ̀ sì le débi tó fi lè jẹ ìṣó. Irin tó nípọn ń fẹ́ 14 sí 18, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń fẹ́ 18 sí 24.

Òfin kan wà fún irin tí kò gbọdọ̀ bọ́ lórí: eyín mẹ́ta, ó kéré tán, gbọdọ̀ wà lára irin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Abẹ eyín 6 ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́rin láàárín eyín kan sí èkejì. Tí ẹ bá gbé e lé páìpù irin tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà mẹ́ta péré, gbogbo ara páìpù yẹn á bọ́ sí àárín eyín méjì, eyín á há mọ́ ọn, ayùn á sì fò lọ́wọ́ yín. Abẹ eyín 24 ní mìlímítà kan ó lé díẹ̀ láàárín eyín, ìyẹn ló fi ń gun irin náà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Gígùn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Orí abẹ gbọdọ̀ yọ sí òdìkejì ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tó bá fà sẹ́yìn pátápátá. Tí igi bá nípọn tó mìlímítà 100, ẹ fi 30 tí abẹ ń rìn kún un, kí ẹ tún fi díẹ̀ kún un fún apá tí bàtà ayùn bò. Abẹ mìlímítà 150 kò tó mọ́ nìyẹn, èyí tó tó 225 ni kí ẹ gbé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé abẹ gígùn nítorí pé ó wà níbẹ̀. Abẹ tó gùn ju iṣẹ́ lọ máa ń fì, ó sì lè lọ kan ohun tí ẹ kò fẹ́ kó kàn lẹ́yìn ọ̀hún.

Bí ẹ ṣe máa fi abẹ sí i

Ẹ bọ́ bátìrì. Ẹ gbé e jìnnà sí ayùn díẹ̀, má kàn tú u sílẹ̀ lábọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí òrùka tó wà lọ́rùn ayùn, tàbí kí ẹ gbé irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè, ó sinmi lórí irú èyí tí ẹ rà. Ẹ ki ìdí abẹ wọlé títí kò fi ní lè wọlé mọ́, kí ẹ wá fi òrùka náà sílẹ̀ kó padà fúnra rẹ̀. Tí òrùka náà kò bá padà tán, abẹ kò tíì jókòó, àbí ẹ̀rún igi ti wọnú rẹ̀; ẹ gbọ̀n ọ́n jáde, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ wá fi ìbọ̀wọ́ di abẹ mú, kí ẹ fà á gidi. Ẹ má fò ó. Abẹ tí kò jókòó dáadáa lè fò jáde ní kété tí ẹ bá tẹ suwíìṣì, ẹni tó dúró síwájú yín ló sì ń lọ bá.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ rántí pé abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ irin tán gbóná débi tó lè bó awọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù ná.

Rírẹ́

Ẹ so iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi báìsì há a, ẹ fi ìdè dè é mọ́ tábìlì. Ẹ má fi ọwọ́ kan di pákó mú kí ẹ fi ọwọ́ kejì di ayùn, torí ọwọ́ méjèèjì ni ayùn yìí ń fẹ́: ọ̀kan nídìí suwíìṣì, ọ̀kan níwájú lórí ibi tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ọwọ́ iwájú yẹn kò gbọdọ̀ kọjá rọ́bà náà.

Ẹ ki bátìrì bọ̀ ọ́ báyìí. Kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ gbé bàtà ayùn lé iṣẹ́, kí ẹ tì í mọ́ ọn, kí abẹ má tíì kan nǹkan kan.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ bàtà yìí? Abẹ ayùn yìí kì í jẹ igi nígbà tó bá ń lọ, ìgbà tó bá ń bọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tó bá jẹ ẹ́, ńṣe ló ń fa iṣẹ́ náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Tí bàtà bá ti kan iṣẹ́ pinpin, ibi tó ń fà á wá ti dí, kò sí ibi tí iṣẹ́ náà máa lọ, ayùn á dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ yín, á kàn máa jẹ ẹ́ lọ. Tí àyè bá wà láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìka kan, gbogbo fífà yẹn á di gbígbá. Ayùn á máa fi bàtà gbá iṣẹ́, iṣẹ́ á máa gbọ̀n, abẹ á tẹ̀, apá á máa ro yín títí dé èjìká. Mo ti rí àwọn tó lágbára gan-an tí wọ́n ń bá a jìjàkadì, tí òógùn ń ṣe wọ́n, tó sì jẹ́ pé títì í síwájú díẹ̀ ló kù.

Ẹ tẹ suwíìṣì díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí abẹ fi ìdí ara rẹ̀ múlẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ mú un yára. Igi ń fẹ́ eré. Irin ń fẹ́ jẹ́jẹ́, torí eré ló ń pa eyín abẹ lórí irin. Ẹ kán epo tí à ń fi pa ẹ̀rọ díẹ̀ sójú irin náà, kì í ṣe bẹntiróòlù. Páìpù rọ́bà náà ń fẹ́ jẹ́jẹ́, tí ẹ bá sáré lórí rẹ̀ yóò yọ́, yóò sì lẹ̀ mọ́ abẹ. Ẹ má ki agbára bọ̀ ọ́. Tí abẹ bá mú, tó sì yẹ iṣẹ́, ìwúwo ayùn fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe lẹ́yìn ayùn gan-an, kí ẹsẹ̀ yín fẹ̀, kí ìkankan nínú ara yín má sì wà ní ọ̀nà tí abẹ á gbà tó bá já wọlé lójijì. Tí orí abẹ bá lọ gbá kọnkéré tàbí irin mìíràn lẹ́yìn ọ̀hún, ayùn á tì yín padà pẹ̀lú agbára. Ìyẹn ló ń dá ọwọ́ àti ojú lọ́gbẹ́ jù.

Tí abẹ bá há, ẹ má fi suwíìṣì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ bọ́ bátìrì, ẹ ki ẹ̀là pákó sí ojú ibi tí ẹ rẹ́ kó lè ṣí, kí ẹ wá yọ ọ́. Tí ẹ bá sì rẹ́ ẹ tán, ẹ dúró kí abẹ dá lílọ dá bíbọ̀ kí ẹ tó fà á kúrò.

Òrùlé ilé àtijọ́

Ní Bẹẹrẹ, ní Òkè-Ààrẹ, ní àyíká Mápó, ilé pọ̀ tí igi òrùlé rẹ̀ ti pẹ́, tí ikán ti jẹ apá kan, tí apá kejì ṣì le koko torí pé igi ìrókò tàbí igi apá ni. Ayùn yìí dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju fífi òòlù lu gbogbo ilé lọ, torí ó lè wọ àárín igi méjì tí wọ́n kàn pọ̀, kó gé ìṣó ibẹ̀ láìba igi jẹ́. Ẹ gbé abẹ bi-metal tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí àárín wọn.

Ẹ máa fi etí sí i. Nígbà tó bá wà nínú igi, ohùn rẹ̀ á kẹ̀. Nígbà tó bá kan ìṣó, ohùn náà á han gooro. Ẹ dín eré kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gun ìṣó náà jẹ́jẹ́; tí ohùn bá tún kẹ̀, ó ti já, ẹ mú eré rẹ̀ padà.

Ohun tó le jù lórí òrùlé kì í ṣe rírẹ́, ohun tó máa wó lẹ́yìn rẹ̀ ni. Kí ẹ tó gé igi kankan, ẹ bi ara yín pé kí ló gbé e dúró, kí ni òun náà gbé dúró. Ẹ ti òpó sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi ayùn kàn án. Ẹ má dúró lórí igi tí ẹ ń gé, ẹ má fi àkàbà ti ara rẹ̀. Ayùn kò gbọdọ̀ ga ju èjìká yín lọ. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ gbé pèpéle tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wá. Kí ẹnikẹ́ni má sì kọjá nísàlẹ̀.

Ẹ̀ka igi lẹ́yìn ìjì

Ẹ̀ka tí kò tóbi ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ ni kí ẹ fi ayùn yìí gé. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ pe àwọn tó ń gégi. Máńgòrò àti dongoyaro ń wúwo gan-an ní àsìkò òjò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ó gé e. Ẹ kọ́kọ́ gé e láti abẹ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara igi, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí ẹ gé e láti òkè, díẹ̀ sí ìta ibi àkọ́kọ́, títí ẹ̀ka á fi já. Ẹ wá gé kùkùté tó kù sún mọ́ ara igi. Tí ẹ bá gé e láti òkè nìkan, ẹ̀ka náà á fà ya, á bó èèpo igi náà sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ka tó ti wó sílẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun, ẹ ṣọ́ra fún un: tí ẹ bá gé e níbi tó ti fún pọ̀, abẹ á há, tí ẹ bá sì gé e níbi tó ti nà láìdúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fò sí yín lójú.

Tí ayùn bá ya ènìyàn

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gan-an, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè, ẹ má máa ṣí i wò. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí epo ọkọ̀ sí i. Tí ìka bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi rin díẹ̀ wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sórí yìnyín. Ìka kò gbọdọ̀ kan yìnyín ní tààrà. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín jù, ẹ gbé ìka náà dání, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tetanus.

Bátìrì

Ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ 18V sí, ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ 20V max sí, àwọn ọlọ́jà á sì máa sọ pé èkejì lágbára jù. Ohun kan náà ni wọ́n. Bátìrì kéékèèké márùn-ún tí wọ́n so tẹ̀ léra wọn ló ń gbé agbára méjèèjì jáde. Ti àkọ́kọ́ ni agbára wọn nígbà iṣẹ́, ti èkejì ni agbára wọn ní kété tí wọ́n bá ṣáàjì kún. Èyí kò sọ pé bátìrì ilé iṣẹ́ kan á wọ ayùn ilé iṣẹ́ mìíràn o.

Ṣájà tirẹ̀ ni kí ẹ fi ṣáàjì rẹ̀. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná láti ibi iṣẹ́, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ níbi tí ooru ti kọjá nǹkan bí 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú òòrùn Oṣù Kejì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bátìrì tí kò sí nídìí ayùn kò gbọdọ̀ wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú ìṣó. Ìṣó lè so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó sì gbiná.

Tó bá wú, tàbí tó já bọ́ láti òkè tí ara rẹ̀ sán, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má ṣí i, ẹ má sì jù ú sínú iná tàbí ààtàn. Ẹ fi sálótéèpù lẹ ojú irin rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìta, jìnnà sí ohun tó lè gbiná, títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń gba bátìrì líthíọ̀mù tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín.